Ẹjọ́ Bọ́ọ̀lù ní Ìta Tinúbú

Ìta Tinúbú kì í ṣe ibi kékeré nínú ìtàn Èkó. Orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú ni ó ń jẹ́, obìnrin oníṣòwò ńlá nì tí Consul Benjamin Campbell lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, tí ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1864. Ní àkókò ìjọba amúnisìn, ilé-ẹjọ́ gíga wà ní ìta yìí. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1960, àwọn ará Lẹ́bánónì tí ń gbé Èkó fi omi tí ń tú sókè ta ìlú lọ́rẹ níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ àtijọ́ náà sì di wíwó. Ṣùgbọ́n wíwó tí wọ́n wó ilé-ẹjọ́ kò ní kí ẹjọ́ tán ní àdúgbò náà. Ẹjọ́ kan wà tí kò ní lọ́yà, tí kò ní akọ̀wé, tí gbogbo ẹni tó bá sì ti san owó ìwòran jẹ́ adájọ́ níbẹ̀. Ẹjọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé-ìwé ni.

Nínú eré àwọn ọmọ ilé-ìwé, èyí tí ó gba ẹnu àwọn ará Èkó jù lọ ni ìdíje Principals' Cup, ife-ẹ̀yẹ tí àwọn ilé-ìwé girama ń du. Bí ẹgbẹ́ kan bá fi góòlù mẹ́fà na èkejì, ọ̀rọ̀ náà kì í ju ọjọ́ kan lọ: aborí a yọ̀, ẹni tí a ṣẹ́gun a gba kámú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ góòlù kan péré ni ó wà láàárín wọn, tàbí tí wọ́n bá ta ọ̀mì títí tí a fi fi pẹ́nárítì là wọ́n, ọdún a máa gorí ọdún kí àríyànjiyàn tó rọlẹ̀. Ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ tọ́ka sí ni bí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ìtàn, àti ìdí tí ó fi yẹ kí àgbà ṣọ́ra nínú rẹ̀, nítorí pé ọmọdé ni ẹni tí à ń dá lẹ́jọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí àwọn ilé-ìwé náà wà. Baptist Academy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1855, CMS Grammar School ti ọdún 1859, àti Methodist Boys' High School ti ọdún 1878, gbogbo wọn ni ó ti wà ní òpópó Broad Street tàbí nítòsí rẹ̀ rí, òpópó yìí kan náà ni ó sì kọjá ní Ìta Tinúbú. King's College, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1909, kọjú sí pápá eré ẹṣin àtijọ́ tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí. Eko Boys' High School dé ní ọdún 1913, St Gregory's College sì dé sí Ọbáléńdé ní ọdún 1928. Ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rìn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan lè wà ní ilé-ìwé kan, kí àbúrò bàbá rẹ̀ ti jáde ní èkejì, kí ọmọ ìyá rẹ̀ sì wà ní ẹ̀kẹta. Nítorí náà, inú agboolé kan náà ni a ti ń rí alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi ọmọ ẹnìkejì ṣẹ̀sín lórí pápá yóò bá bàbá ọmọ náà jẹun alẹ́ nílé.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá fúnra rẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó ti kọ́kọ́ lókìkí ní ilẹ̀ yìí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ìtàn fi ṣe ìpìlẹ̀ ni èyí tí ó wáyé ní Kàlàbá ní oṣù Òkúdu ọdún 1904, nígbà tí àwọn ọmọ Hope Waddell fi góòlù mẹ́ta sí méjì borí àwọn atukọ̀ ojú omi òyìnbó ti ọkọ̀ HMS Thistle. Ẹ kíyèsí i pé góòlù kan péré ni ó là wọ́n. Ní Èkó, oníṣòwò òyìnbó kan, Frederick Mulford, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Baron, wà lára àwọn tí ó fa àwọn ọ̀dọ́ wọ inú eré yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní ọdún 1932, wọ́n dá ẹgbẹ́ tí ń bójú tó bọ́ọ̀lù ní Èkó àti agbègbè rẹ̀ sílẹ̀. Pápá ìṣeré King George V ní Oníkàn sì di ibi tí ọmọdé ti ń fojú rí àgbà agbábọ́ọ̀lù. Láàárín irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni Teslim Balogun wà, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Thunder, tí ó bá ẹgbẹ́ Nàìjíríà rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949. Púpọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún.

Bí ènìyàn bá jáde ní Oníkàn tí ó ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, yóò kọjá ní ẹ̀gbẹ́ Tafawa Balewa Square, yóò bọ́ sí Broad Street, yóò dé Ìta Tinúbú, kí ó tó gba òpópó Nnamdi Azikiwe lọ sí Ìdúmọ̀tà. Ìta Tinúbú ni oríta níbi tí ọ̀nà ti pín: ẹni tó ń lọ sí Ìdúmọ̀tà yà sí ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ kọjá sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta yà sí ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dúró parí rẹ̀ kí wọ́n tó pínyà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iwájú àtẹ àwọn oníwèé ìròyìn di kóòtù mìíràn, níbi tí àwọn tí kò ra ìwé ìròyìn ti ń kà á, tí wọ́n sì ń ta ko ohun tí akọ̀ròyìn kọ.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó ni Yorùbá ti kọ́ irú ìwòran báyìí. Ẹni tí ó bá ti dúró ti ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé òǹwòran kì í dákẹ́. Bí ọ̀ta àti òpè bá jókòó, àwọn tí ó yí wọn ká ni yóò máa sọ ohun tí ó yẹ kí òpè ti ṣe. Nínú ayò náà ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀mì, tí a ń lò fún eré tí ẹnìkan kò ti borí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Bí ayò bá di ọ̀mì, àwọn méjèèjì lè tún un ta lójú ẹsẹ̀. Nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ, ó di dandan kí ẹnìkan lọ sílé.

Ọ̀nà tí a ń gbà lé ẹnìkan lọ sílé yìí ni ó yí padà, ìyípadà náà sì ṣe pàtàkì. Láyé àtijọ́, bí ẹgbẹ́ méjì bá ta ọ̀mì, wọ́n lè tún eré gbá ní ọjọ́ mìíràn, tàbí kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn ará Yúróòpù lò nínú ìdíje kan ṣoṣo ní ọdún 1968: ní oṣù Òkúdu ọdún náà, owó ẹyọ tí wọ́n ta sókè ni ó mú kí Ítálì kọjá Soviet Union lọ sí àṣekágbá, nígbà tí Ítálì àti Yugoslavia sì ta ọ̀mì ní àṣekágbá, wọ́n tún un gbá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ọdún 1970 ni àwọn tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé fi ọwọ́ sí i pé kí a máa fi pẹ́nárítì là wọ́n.

Nígbà tí ó jẹ́ títún gbá ni, ẹ̀bi pín káàkiri. Kò sí ẹni tí a lè nàka sí. Bí ó bá jẹ́ kèké ni, orí ni a ó dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n pẹ́nárítì mú ọmọ kan ṣoṣo jáde láàárín mọ́kànlá, ó gbé e sí ojú gbogbo ilé-ìwé, ó sì ní kí ó dá nìkan gbé ẹrù náà. Bí ó bá gbá a wọlé, akọni ni. Bí ó bá gbá a sóde, orúkọ tí wọn yóò máa pè é láti ọjọ́ náà lè má jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bọ́ọ̀lù wákàtí kan àbọ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti pàdánù àǹfààní mẹ́ta mẹ́rin, yóò wá di ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ohun tí ó burú sí i ni pé kò sí ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé ọdún 2000, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ta ọ̀mì góòlù méjì sí méjì ní àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè, Kamẹrúùnù sì fi pẹ́nárítì mẹ́rin sí mẹ́ta gba ife. Bọ́ọ̀lù tí Victor Ikpeba gbá kọlu igi òkè, ó sì bọ́ sílẹ̀. Rẹfirí ní kò wọlé. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ni ó fi han gbogbo ayé pé bọ́ọ̀lù náà ti kọjá ìlà. Ikpeba, àgbà agbábọ́ọ̀lù tí ó ti gba ipò agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní ọdún 1997, rí àwòrán tí ó gbè é lẹ́yìn. Ta ni yóò gbe ọmọ ilé-ìwé lẹ́yìn? Eré rẹ̀ kò sí nínú àwòrán kankan. Ẹnu àwọn òǹwòran nìkan ni àkọsílẹ̀ tí ó wà, àwọn òǹwòran náà sì ní ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́. Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹjọ́ kejì tí kì í tán ni ti ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé. Bí eré bá le, tí ó sì parí pẹ̀lú góòlù kan, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí a borí máa ń béèrè ni pé: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ tí ó gbá a wọlé, àbí wọ́n lọ háyà rẹ̀ ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìlara lásán ní gbogbo ìgbà, nítorí ife-ẹ̀yẹ máa ń sọ ilé-ìwé di olókìkí, òkìkí a sì máa mú àwọn ọ̀gá kan ṣe ohun tí kò tọ́. Àpẹẹrẹ ìsapá láti so bọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ ìwé ni St Finbarr's College, tí Fadá Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Rẹfirí ni Fadá náà fúnra rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ilé-ìwé rẹ̀ mókè nínú ẹ̀kọ́ àti nínú eré pọ̀. Níbẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti kàwé.

Orúkọ àwọn wọ̀nyí rán wa létí pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú eré ilé-ìwé kì í ṣe ohun kékeré. Haruna Ilerika lókìkí nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Zumratul Islamiyyah Grammar School, kí ó tó di gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́ Stationery Stores. Nwosu wà nínú ẹgbẹ́ tí ó na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo ní Sùúrùlérè ní ọdún 1980. Keshi gba ife ilẹ̀ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí olórí agbábọ́ọ̀lù ní ọdún 1994, ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni ní ọdún 2013. Ní ọdún 1985, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, tí Nduka Ugbade ṣe olórí wọn, na Jámánì Ìwọ̀-oòrùn ní góòlù méjì sí òdo ní Ṣáínà, wọ́n sì gba ife àgbáyé. Ní Dammam ní ọdún 1989, Soviet Union ti fi góòlù mẹ́rin ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Ọmọ tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù sóde lójú ìgbà náà kò bá ti gbọ́ èébú nílé. Ṣùgbọ́n wọ́n dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, Ugbade ni ó gbá ìkẹrin wọlé, wọ́n sì fi pẹ́nárítì márùn-ún sí mẹ́ta borí. Ẹni tí ó dájọ́ ṣáájú àkókò ti dá ẹjọ́ èké.

Lónìí, nǹkan ti yí padà. CMS Grammar School ti lọ sí Bàrígà, Baptist Academy ti lọ sí Ọbaníkòró, Methodist Boys' High School sì ti kọjá sí Victoria Island. Ìjọba gba àwọn ilé-ìwé ìjọ ní àwọn ọdún 1970. Ọdún 2001 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá púpọ̀ padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Pápá Oníkàn ń jẹ́ orúkọ Mobolaji Johnson báyìí. Ìdíje náà sùn, ó tún jí. Àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Oníkàn dé Ìta Tinúbú ní ìgbà èwe wọn ti di àgbà, ọ̀pọ̀ sì ti kú. Ohun tí wọ́n mọ̀ ń bá wọn lọ.

Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kù. Ó yẹ kí a lọ bá àwọn àgbà wọ̀nyí, kí a kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Kí a má ṣe gbọ́ ti ẹni tí ó borí nìkan. Kí a wá ẹni tí ó pàdánù pẹ́nárítì náà pẹ̀lú, kí a bi í bí ọjọ́ náà ṣe rí lójú tirẹ̀, bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ìtàn méjèèjì bá sì ta kora, kí a kọ méjèèjì. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì kò wọ́n ní Ìta Tinúbú. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ìjíròrò yìí ni ti ọwọ́ ọ̀tún: nígbà tí àwọn òǹwòran tú ká, ta ni ó dúró ti ọmọ náà, kí ni ó sì sọ fún un?