Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà, kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní

Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà ni ìwé tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, èyíinì ni àpéjọ àwọn aṣojú ilẹ̀ 13 tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, tẹ́wọ́ gbà ní ìlú Philadelphia ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1776, láti fi hàn pé àwọn kò sí lábẹ́ ọba náà mọ́. Gbólóhùn tí ó sọ pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń há sórí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ kò tíì ka ìwé náà, nítorí pé apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀sùn tí a kà sí Ọba George Kẹta lẹ́sẹ̀, irú bí owó-orí tí a bù lé àwọn ènìyàn láìgba ìyọ̀ǹda wọn.

Ohun tí ó ń la ojú akẹ́kọ̀ọ́ jù ni kí olùkọ́ gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí Thomas Jefferson kọ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tẹ̀ jáde. Nínú ti àkọ́kọ́, ìpínrọ̀ gígùn kan wà tí ó dá ọba lẹ́bi nítorí òwò ẹrú. Wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì ni Jefferson fúnra rẹ̀ ní ẹrú tí ó lé ní 600 ní ìgbà ayé rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tí Frederick Douglass, ẹni tí ó sá kúrò nínú oko ẹrú, sọ ní Rochester ní ọdún 1852 tẹ̀lé èyí, níbi tí ó ti béèrè ohun tí àjọ̀dún òmìnira náà jẹ́ fún ẹrú. Àwọn tí wọ́n pàdé ní Seneca Falls ní 1848 ti ṣáájú rẹ̀ lo ìlànà ìwé náà láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò fún obìnrin.