Láti Ògùrọ̀ dé Ògógóró: Ìtàn Ọtí Ìbílẹ̀ ní Etí Ọ̀sà Ìjẹ̀bú

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo ilé ìpọntí kéékèèké ní etí ọ̀sà Ìjẹ̀bú, inú irà ni yóò wọ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè tó wà lókè, ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù, títí yóò fi dé Efire, Abígi, Ìbíadé, Ìwòpin àti Mákún-Omi ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ọ̀sà Lẹ́kí àti àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ ti sọ ibẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni igi ògùrọ̀ sì fẹ́ràn. Níbi tí ògùrọ̀ bá pọ̀ sí, ọtí kò ní jìnnà. Ìtàn ọtí náà gùn ju ti ilé iṣẹ́ bíà èyíkéyìí ní Nàìjíríà lọ, síbẹ̀ ohun tí a kọ nípa rẹ̀ ní èdè wa kò tó nǹkan. Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo ayé ń ṣe ní gbangba ṣe di ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú igbó, àti ohun tí ìfarapamọ́ náà ti ná wa.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹmu ti wà lọ́dọ̀ wa. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí àwọn àgbà Ifẹ̀ ń sọ, ẹmu ni Ọbàtálá mu yó tí oorun fi gbé e lọ, tí Odùduwà sì gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olórìṣà rẹ̀ títí dòní. Nílé lóko, àwọn obìnrin ló ń pọn ọtí ọkà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe. Àwọn kan a máa fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n dẹ̀dẹ̀ ṣe àgàdàgídí. Ẹmu ní tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin, nítorí pé igi ni wọ́n ń gùn.

Ọ̀tọ̀ ni ẹmu ọ̀pẹ, ọ̀tọ̀ ni ògùrọ̀. Ọ̀pẹ ni adẹ́mu ń fi igbà gùn, tó sì lè máa dá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìgbà kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, bó bá sì ti so tán, ó kú nìyẹn. Ìgbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó náà ni ara rẹ̀ kún fún omi dídùn, ìgbà náà ni adẹ́mu sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Bó bá yá jù, omi kò tíì sí. Bó bá pẹ́ jù, igi ti kó gbogbo rẹ̀ fún èso. Àkàbà ni wọ́n sábà máa ń gbé ti igi náà, wọn yóò gé ọ̀mùnú orí rẹ̀, wọn yóò ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, wọn yóò sì fi agbè gbè é lẹ́nu. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni adẹ́mu yóò padà wá fá ojú ọgbẹ́ náà kí ó má baà di. Báyìí ni yóò máa ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí omi yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá ń dá ògùrọ̀ láìjẹ́ kí àwọn kan gbó kí wọ́n so, oko ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ run.

Omi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sínú agbè dùn bí ìrèké. Kò sí ẹni tó da ìwúkàrà sí i. Ìwúkàrà ti wà lára igi, ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó sì wà nínú agbè tí wọ́n lò lánàá. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń hó. Kó tó di alẹ́, ó ti le. Bó bá fi máa di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, kíkan ni yóò máa kan bí ọtí kíkan tí wọ́n ń tà nínú ìgò. Ní 1962, Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí ìyípadà yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀, Nduka Okafor náà sì ṣe iṣẹ́ ńlá lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹmu ní àwọn ọdún 1970. Ohun tí àwọn adẹ́mu ti mọ̀ ní ahọ́n wọn ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyí fi ẹ̀rọ wò: ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí ló jẹ́ kí ẹmu jẹ́ ọtí tí à ń bá nídìí igi, èyí náà ló sì jẹ́ kí adẹ́mu rere jẹ́ ẹni iyì. Nígbà tí Amos Tutuola gbé ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní 1952, ọkùnrin tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tó sì kú ló fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, tó wá ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹmu gidi jẹ́ kò ní sọ pé ìrìn àjò náà pọ̀ jù.

Ọtí tó le tó sì lè pẹ́ nílẹ̀, ojú omi ló gbà wọlé. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ń kó jíìnì láti Nẹ́dálándì àti Hamburg ní Jámánì wá sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé e gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, Èjìnrìn àti àwọn ọjà etí omi tó kù. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ogun Ìmàgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, kò tún sí ẹnubodè tó lè dá ọjà wọn dúró. Bí ìgò jíìnì aláwọ̀ ewé oníhà mẹ́rin ṣe wọ inú ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ètùtù nìyẹn. Inú ìpínlẹ̀ Ògùn gan-an, ní Ọ̀tà, ni wọ́n ti ń ṣe Seaman's Schnapps, irú ọtí bẹ́ẹ̀, lónìí. A ti gba ọtí àlejò, a ti fi ń bọ àwọn baba wa, tí ọtí ilẹ̀ wa sì wà níta.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí òwò jíìnì náà. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lára rẹ̀, àti Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ta kò ó gidigidi. Ṣùgbọ́n owó orí ọtí tó ń wọlé ní ibodè ni ìjọba amúnisìn fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní àwọn ọdún kan, nǹkan bí ìdajì gbogbo owó tó ń wọlé fún ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ló ti ibẹ̀ wá. Ní 1909, ìgbìmọ̀ tí Sir Mackenzie Chalmers jẹ́ alága rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé ọtí ń ba àwọn ènìyàn jẹ́ tó bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe sọ. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dí ọ̀nà Hamburg ni òwò náà rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn ìjọba òkèèrè fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye pé kí wọ́n má ṣe kó jíìnì olówó pọ́ọ́kú wá sí Áfíríkà mọ́. Wọ́n sì fi òfin de pípọn ọtí líle nílẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀. Jíìnì tó gbówó lórí ṣì ń wọlé, owó ibodè rẹ̀ sì ń wọlé fún ìjọba.

Ibi tí ògógóró, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe, ti rí ọ̀nà nìyí. Ní àwọn ọdún 1930, ọrọ̀ ajé ayé dojú dé, owó epo pupa àti ekuro já wálẹ̀, kò sì sí owó jíìnì òyìnbó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ògùrọ̀ wà nínú irà lọ́fẹ̀ẹ́. Kíá ni ìmọ̀ bí a ṣe ń fi ooru yọ ọtí lára ẹmu tàn ká gbogbo etí omi, láti àwọn odò Nàìjá Délítà títí dé ọ̀sà Èkó. Àwọn Ùròbò tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn Ìjọ̀ àti àwọn Ìlàjẹ tó ń fi ọkọ̀ lọ tó ń bọ̀ lórí omi ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, abúlé wọn sì pọ̀ káàkiri etí omi Ìjẹ̀bú. Ọlọ́pàá ń wọ igbó, wọ́n ń fọ́ àgbá, wọ́n ń kó ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n bá fọ́ tọ̀tún, tòsì yóò gbéná. Àwọn olóṣèlú tó ń jà fún òmìnira bi ìjọba léèrè pé kí ló dé tí ọtí òyìnbó fi bófin mu, tí tọmọ onílẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mi ò tíì rí ìdáhùn kan tó tẹ́ mi lọ́rùn sí ìbéèrè yẹn.

Irú ìtàn kan náà ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ní Bẹ̀nẹ̀, Bonou Kiti Sodabi, ọmọ ogun tó bá Faransé jà nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí líle lọ́hùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹmu ṣe tirẹ̀ nígbà tó padà dé. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò fi ń pe ọtí náà, sodabi, títí dòní. Ìjọba Faransé náà fi òfin dè é. Ní Gánà, akpeteshie, orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọtí yìí níbẹ̀, jẹ́ ọ̀ràn ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òmìnira 1957, ìjọba wọn gbà á sábẹ́ òfin, àwọn apọntí sì ń gba ìwé àṣẹ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le láti yé ènìyàn. Wọn yóò jẹ́ kí ògùrọ̀ kan fún ọjọ́ mélòó kan títí ṣúgà inú rẹ̀ yóò fi di ọtí tán. Wọn yóò dà á sínú àgbá irin lórí iná igi, wọn yóò sì dí ẹnu rẹ̀ pinpin. Èéfín ọtí ń yára gbéra ju ti omi lọ, nítorí pé ọtí ń hó nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí omi sì ń dúró de 100. Èéfín náà yóò gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ni wọ́n fi ń gba omi náà, yóò sì di omi padà, tí yóò máa kán sínú ìgò. Apọntí tó mọṣẹ́ kì í fi omi àkọ́jáde kún èyí tí yóò tà. Yóò mi ìgò, yóò wo bí ìfófòó rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó, yóò sì fi iná kan díẹ̀ wò. Ìdánwò yẹn ń sọ bí ọtí ṣe le tó. Kò lè sọ bóyá májèlé wà nínú rẹ̀.

Bíà ní tirẹ̀ rí ojú rere ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá Nigerian Brewery sílẹ̀ ní 1946, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Ìgànmú ní oṣù kẹfà ọdún 1949. Trophy bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní 1978. Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀ ní Ìmàgbọ́n, ilé iṣẹ́ Consolidated Breweries, tó dara pọ̀ mọ́ Nigerian Breweries ní 2014, ilé ìpọntí ńlá mìíràn sì ṣí ní Ṣàgámù ní 2018.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò jìnnà sí ìlà-oòrùn etí omi Ìjẹ̀bú. Orí yóò máa fọ́ wọn, ojú wọn yóò ṣókùnkùn, kó sì tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àwọn kan ní oògùn apakòkòrò ni. Àyẹ̀wò fi hàn níkẹyìn pé májèlé kan tó ń jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, nínú ọtí tí wọ́n mu. Ó lé ní ènìyàn 15 tó kú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ mìíràn sì tún kú ní ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe àti títa ògógóró. Mẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀ lè wà nínú ọtí tí wọ́n fi èso tàbí ẹmu ṣe. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà ilé iṣẹ́ tí oníwọ̀ra bù lé ọtí kó lè pọ̀ ni irú èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti wà nínú òkùnkùn fún ọgọ́rin ọdún, kò sí ẹni tó mọ inú agbè ẹni tí ọtí ti jáde, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọtí ti bàjẹ́. Ìdájọ́ tèmi ni pé ìfarapamọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn fún ikú yẹn.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Bẹ̀nẹ̀, Tambour Original ń ta sodabi nínú ìgò tó rẹwà fún àlejò àti onílé. Ní Èkó, Pedro's bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ó sì gbé ògógóró wọ inú ilé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá. Ní Àbújá, Bature Brewery ti ń pọn bíà kéékèèké láti 2017. Àwọn ilé ìwádìí ìjọba náà, FIIRO ní Oṣòdì àti NIFOR ní ẹ̀bá ìlú Benin ní Nàìjíríà, ti mọ bí a ṣe ń kó ẹmu sínú ìgò kó má sì kan. Etí omi Ìjẹ̀bú ní igi, ó ní omi, ó ní àwọn tó mọṣẹ́. Ohun tí kò ní ni ẹni tó ń wò ó.

Ìwọ tó bá fẹ́ lọ wò ó, jí lọ láàárọ̀, kí o sì mu ògùrọ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ. Bẹ adẹ́mu kó fi igi hàn ọ́, kí o sì san owó tó yẹ fún un. Ògógóró tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má mu ún, má sì rà á fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe àgbo. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn àti NAFDAC ni pé kí wọ́n gbé ibùdó àyẹ̀wò kan sí Abígi, kí wọ́n kọ́ àwọn apọntí ní bí wọn kò ṣe ní jẹ́ kí májèlé wọ inú ọtí, kí wọ́n sì fún ẹni tó bá yege ní ìwé àṣẹ tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ sára ìgò.