Adágún Chad: Omi Tí Ń Lọ Tí Ń Bọ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ètè ń bẹ́, tí eruku sì bo orí àga àti ewé, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń béèrè ibi tí eruku náà ti wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Bodélé, ilẹ̀ kòtò kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad. Ìsàlẹ̀ omi ni ibẹ̀ láyé àtijọ́, èèpo àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí wọ́n gbé inú omi náà sì wà nínú eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá bá wa. Ìyókù omi náà ni à ń pè ní Adágún Chad.

Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa ní ibi tí ó ti di aṣálẹ̀ Sàhárà, adágún náà fẹ̀ ju 300,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Bí òjò ti ń dín ni òun náà ń sún kì. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Denham, Clapperton àti Oudney fojú rí i ní 1823. Nígbà tí Jean Tilho, ọmọ ilẹ̀ Faransé, yẹ̀ ẹ́ wò ní 1908, omi ti fà sẹ́yìn gidigidi. Síbẹ̀, ní 1963, ó tún ti kún, ó lé ní 20,000 kìlómítà níbùú lóòró.

Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè rò pé òjò orí adágún ni ó ń kún un. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òjò ọdún kan níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 300 mìlímítà, ṣùgbọ́n ohun tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fà lójú omi ju 2,000 mìlímítà lọ. Odò Chari àti Logone, tí wọ́n ń ṣàn láti ìhà gúúsù, ni wọ́n ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi rẹ̀ wá. Òjò tí ó rọ̀ lọ́hùn-ún láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ó di ìparí ọdún kí ó tó dé. Nítorí náà, nígbà tí ọyẹ́ ń gbẹ koríko Borno ni omi adágún ń ga! Adágún náà kò sì jìn: bí omi bá fi díẹ̀ relẹ̀, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni yóò yọ síta.

Ohun ìyanu mìíràn ni pé omi rẹ̀ kì í ṣe omi iyọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣàn lọ sí òkun. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń bá omi wọ inú ilẹ̀ lọ, ó sì ń di kán-ún ní etí rẹ̀ ní Kanem.

Ọ̀dá ńlá dé ní 1972. Ní 1973, adágún pín sí méjì. Ní 1975, apá àríwá gbẹ. Ọ̀dá tún padà ní 1983 àti 1984. Láàárín ìgbà yìí gan-an ni ìjọba Nàìjíríà ń ṣe ètò láti fa omi adágún sí 67,000 hẹ́kítà oko ní Borno. Wọ́n gbẹ́ ojú odò, wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, omi sì kọ̀yìn sí wọn. Ní tèmi, ẹ̀bi kì í ṣe ti ọ̀dá nìkan: ọdún tí omi kún ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn àgbẹ̀ kò dúró dè é ní tiwọn. Wọ́n tẹ̀lé omi lọ, wọ́n gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sórí ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀. Àwọn Buduma, tí ẹja àti màlúù jẹ́ ìgbésí ayé wọn, kò lè fi erékùṣù wọn sílẹ̀ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti bí 1990 sí 2000 ni òjò ti sàn díẹ̀, adágún kò sì sún kì mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé ibi tí ó wà ní 1963. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ni ó wá lé ọ̀pọ̀ apẹja kúrò létí omi. Ní ìpàdé Àbújá ní 2018, wọ́n tún sọ̀rọ̀ nípa fífa omi láti agbègbè odò Congo wá kún un. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pè ní kíkún? Ti 1908 ni, tàbí ti 1963? Títí di òní, wọn kò tíì gbẹ́ ojú odò náà.