Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo kòkó àwọn bàbá wa

Ẹ jókòó, mo ní gist. Gbogbo wa la mọ̀ pé owó kòkó ló kọ́ Cocoa House n'Ìbàdàn. Ta ló wá béèrè ibi tí kòkó fúnra ẹ̀ ti wá?

Igbó Amásónì ni, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀ o. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ DNA kòkó wò, wọ́n pín in sí ìdílé 10. Nínú gbogbo ẹ̀, ọ̀kan péré ló kọ́kọ́ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa: Amelonado.

Bahia ní Bràsíl ni wọ́n ti gbé e dé erékùṣù Príncipe lọ́dún 1822. Ó gba São Tomé àti Fernando Po kọjá. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí ọdún 1880, Captain J.P.L. Davies ti ń gbìn ín sóko ẹ̀ ní Ìjọn, lẹ́bàá Agége. (Ọkọ Sarah Forbes Bonetta ni, ọmọ tí Queen Victoria gbà tọ́ yẹn.) Nígbà tó yá, àwọn alágbàṣe oko Agége ń gbé irúgbìn padà sílé.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé: Amelonado lè fúnra ẹ̀ lóyún. Ọmọ á jọ ìyá, ọmọ-ọmọ á jọ ìyá. Àìsàn tó bá ti rí ọ̀kan pa, ó ti rí gbogbo wọn pa nìyẹn.

Àìsàn ọ̀hún sì dé. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ti wà lára igi ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, irú bí àràbà, ni kòkòrò funfun kéékèèké gbé ran kòkó. Ẹ̀ka á wú, ewé á re, igi á kú. Wọ́n rí i ní Gáná lọ́dún 1936. Láàárín àwọn ọdún 1940, ó ti dé agbègbè Ìbàdàn. Ìjọba ní kò gbóògùn, àfi kí wọ́n gé e. Ọmọdé ni màmá àgbà mi nígbà yẹn. Ó ní wọ́n gé èyí tó ṣì ń so mọ́ ọn, bàbá òun ò sì jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ òyìnbó kan, F.J. Pound, ti lọ ṣa oríṣi kòkó mìíràn jọ ní Pẹrú, ó kó wọn lọ sí Trinidad. Lọ́dún 1944 ni díẹ̀ nínú ìran wọn dé Tafo ní Gáná, lẹ́yìn náà ló tó kàn wá. Ó tètè ń so, ó sì lè fara da àìsàn yẹn ju Amelonado lọ.

Mo pe màmá àgbà, mo rò ó fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé network ti lọ.

"Ọdún wo lo ní wọ́n lọ ṣà á?"

"1937 sí 1938, mà."

"Kí wọ́n tó gé tiwa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."