Àjàṣẹ́: ìlú tí a ń gbà kọjá láì wò ó

 

Bí àlejò bá dé ilẹ̀ Benin, Kùtọnu ni a sábà máa ń mú un lọ. A ó fi òkun hàn án, a ó mú un dé ọjà Dàntọ́kpá, ó parí. A máa ń gbàgbé pé Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú, pé ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin ti ń jókòó, àti pé kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí Kùtọnu.

Orúkọ mẹ́ta ni ìlú náà ní. Àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́. Àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonu, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ilé ńlá. Àwọn Potogí tó ń ra ẹrú létí ọ̀sà ló sọ ọ́ ní Porto-Novo, èbúté tuntun. Orúkọ ìkẹyìn yìí ló wà nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ gbogbo wọn ṣì wà nínú ìlú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò Akron. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé ọdẹ mẹ́ta, ọmọ Yorùbá, ló rí ẹ̀dá abàmì olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán níbẹ̀. Wọ́n sọ ibẹ̀ di ojúbọ. Avessan ni wọ́n ń pe òrìṣà náà, ojúbọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Ẹni tó bá ní àlejò ni wá ní Àjàṣẹ́, ẹ mú un lọ síbẹ̀.

Lápá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni Tè-Agbanlin dé láti Allada, tó fìdí ìjọba Ègùn múlẹ̀. Ààfin Honmè, níbi tí àwọn ọba ìlú náà gbé, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọba Toffa, tó jọba láti 1874 di 1908, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ère rẹ̀ wà ní gbàgede Jean Bayol, gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ aṣojú ìjọba Faransé. Àwọn kan ń bú Toffa pé ó ta ilẹ̀ fún òyìnbó. Àmọ́ ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ ohun tí ogun Dahomey fojú yín rí ní 1886. Ogun kan náà ni Toffa ń sá fún tó fi sá sábẹ́ Faransé. Ó rí ààbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó wàjà, Faransé kò jẹ́ kí ẹni tó gun orí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọba mọ́. Olóyè àgbà lásán ni wọ́n pè é.

Mọ́sálásí ńlá àtijọ́ ló máa ń ya àlejò lẹ́nu jù. Bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn Àgùdà ló fà á. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí wa tó wà níbẹ̀ dìde ogun sí àwọn olówó wọn. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì lé àwọn kan padà sí etíkun wa. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn wálé. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń kọ́ mọ́sálásí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, bí ilé ìsìn Bahia ṣe rí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn ilé Àgùdà ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni mẹ́wàá ló ni ín, kò sí ẹni tó fẹ́ dá owó àtúnṣe san, òjò sì ń lu ògiri amọ̀. Bí ọ̀kan bá wó, ìtàn ẹbí náà bá a lọ, torí àgbà tó lè sọ ọ́ kò sí mọ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹ bá gun zémidjan kọjá ní Àjàṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kó dúró díẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ilé bàbá yín, ẹ bi ìyá àgbà léèrè ẹni tó kọ́ ọ, kí ẹ sì kọ orúkọ agboolé yín sí ìsàlẹ̀ yìí, ká lè jọ máa tọ́jú rẹ̀.