Ìtàn Ẹ̀tọ́ Láti Ra Ráútà Ẹni

Ráútà ni ẹ̀rọ kékeré tí ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, tí ó sì ń pín in fún fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n inú ilé. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì a máa yá oníbàárà ní ẹ̀rọ yìí, wọn a sì máa gba owó ìyálò lóṣooṣù. Bí ó bá jẹ́ dọ́là 10 lóṣù, ọdún 5 yóò gba dọ́là 600, ẹ̀rọ náà kò sì ní di ti ẹni tí ó sanwó. Ẹ̀tọ́ láti ra tirẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti jà fún un. Orí tẹlifóònù ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, AT&T ni ó ni wáyà tẹlifóònù ní ibi tí ó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, òun náà ni ó sì ni ẹ̀rọ tí ó wà nínú yàrá oníbàárà. Western Electric, tí í ṣe ẹ̀ka rẹ̀, ni ó ń ṣe é. Ìlànà rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni so ohun tí kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá mọ́ tẹlifóònù. Àwíjàre rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ àjèjì lè ba ìsokọ́ra jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí iná tí ó bá ṣì wọ wáyà lè ṣe òṣìṣẹ́ léṣe. Ṣùgbọ́n ó di àsọdùn nígbà tí ó kan Hush-A-Phone, ìbòrí lásán tí kò lo iná rárá, tí wọ́n ń fi sí ẹnu tẹlifóònù kí ẹni ìtòsí má baà gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní 1956, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington dá àwọn tí ó ṣe é láre.

Èyí tí ó tóbi jù ni ti Thomas Carter, ará Texas. Carterfone rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹni tí ó wà nídìí kànga epo tàbí ní pápá ìdaran fi rédíò bá ẹni orí tẹlifóònù sọ̀rọ̀. Láàrin 1959 sí 1966, nǹkan bí 3,500 ni ó tà. AT&T halẹ̀ mọ́ àwọn tí ń lò ó, Carter sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Kẹfà 1968, àjọ FCC, tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, pàṣẹ pé oníbàárà lè so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ wáyà, bí kò bá ti ba ìsokọ́ra jẹ́. AT&T kò tíì túúbá. Ó ní ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yá ẹ̀rọ ìdáàbòbò lọ́wọ́ òun. Owó ìyálò tí wọ́n lé níwájú ilé gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó di àárín àwọn ọdún 1970 kí FCC tó gbé ìlànà kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ń ṣe ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé.

Irú ìjà yìí tún dìde nígbà ráútà. Ní Jámánì, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ 2016, fi òpin sí agbára ilé-iṣẹ́ níbi ihò wáyà ara ògiri. Ohun tí oníbàárà bá so mọ́ ọn, tirẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2019 kan, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2020, kọ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti gba owó ìyálò lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiwọn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀ràn náà gbà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì alágbèéká ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sábà máa ń ra ráútà pátápátá, kí wọ́n tó fi SIM sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ irú ráútà bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ó tà á ti tì mọ́ ara rẹ̀, tí SIM ẹlòmíràn kò fi ní ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Starlink dé ní 2023, oníbàárà ra àwo àti ráútà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dẹ́kun sísan owó oṣù, àwo náà kò lè gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn.