Láti Ẹnu Alárinà dé Ojú Ọjà: Ìyípadà Nínú Ọ̀nà Tí Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà Ń Gbà Wá Agbábọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ọ̀nà tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbà wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún wọn, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, àti bí ọ̀nà náà ṣe ń yí padà láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ tí ó wà ní Ọ̀rẹ̀ tàbí ní Òdìgbó nínú ọ̀rọ̀ yìí, ní agbègbè tí a mọ̀ mọ́ kòkó, igi gẹdú àti òpópónà tí ó lọ láti Èkó sí Benin. Ìdáhùn wa ni pé kò sí ìlú tí a kò ti lè bí ọmọ tí ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá yọ láàrin wa, tí àlejò kan sì dé tí ó ní òun fẹ́ mú un lọ sí Amẹ́ríkà, olùkọ́ ni òbí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tọ̀ wá. Olùkọ́ tí kò mọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà kò ní mọ ohun tí yóò bi àlejò.

Bí ìdíje náà ṣe bẹ̀rẹ̀

James Naismith, tí í ṣe olùkọ́, ni ó dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ní ọdún 1906 ni wọ́n dá àjọ tí a mọ̀ sí NCAA lónìí sílẹ̀ láti máa ṣàkóso eré-ìdárayá láàrin àwọn yunifásítì wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn lórí bóyá ó tọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga san owó ẹ̀kọ́ ọmọ nítorí pé ó mọ eré ṣe. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1948 láti dín irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kù kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n fagi lé e ní 1951. Nígbà tí ó di 1956, wọ́n fàyè gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ nítorí eré nìkan. Láti ìgbà náà ni kóòṣì ti di ẹni tí ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti fa ojú ọmọ àti òbí mọ́ra.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìyípadà ńlá àkọ́kọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní gúúsù Amẹ́ríkà kì í gbà wọ́n. Ní 1964, Guy Lewis ti Yunifásítì Houston mú Elvin Hayes àti Don Chaney wọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1966, ẹgbẹ́ Texas Western gba ife-ẹ̀yẹ NCAA pẹ̀lú aláwọ̀ dúdú márùn-ún tí ó bẹ̀rẹ̀ eré. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1968, àwọn òǹwòran 52,693 péjọ nínú Astrodome láti wo bí Houston ṣe fi ayò 71 sí 69 borí UCLA. Àwọn yunifásítì tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn rí i pé àwọn ń pàdánù. Ní èrò tiwa, ìfẹ́ láti borí ṣí ilẹ̀kùn náà tó bí ìfẹ́ òdodo ṣe ṣí i, bóyá ó tilẹ̀ jù ú lọ.

Ọlájùwọ́n àti takisí

Ọ̀dọ̀ Guy Lewis yìí kan náà ni ọ̀nà Áfíríkà ti là. A bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní Èkó ní ọjọ́ 21, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1963. Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì ni àwọn òbí rẹ̀. Muslim Teachers College ni ó lọ, èyí tí ó yẹ kí àwa tí a wà nínú iṣẹ́ kíkọ́ olùkọ́ fi sọ́kàn. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, níbi tí ó ti ń ṣọ́ ilé, àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó wọ ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n.

Kò sí kóòṣì yunifásítì kankan tí ó wá wò ó ní Èkó. Christopher Pond, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ti rí i níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, ni ó ròyìn rẹ̀ fún Lewis. Lewis kò fi ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí i. Àyè pé kí ó wá kí àwọn wò ó ni ó fún un. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú ní 1980, ẹnikẹ́ni kò wá pàdé rẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n sì ní kí ó wọ takisí máa bọ̀.

Ọ̀rọ̀ takisí yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fi pa ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó tó kí òpìtàn dúró lé e lórí. Ó fi hàn pé kò sí ohun tí yunifásítì náà fi wéwu. Bí ọmọ náà kò bá mọ̀ ọ́n gbá, kò sí owó tí ó ṣòfò ní Houston. Òun àti ẹbí rẹ̀ ni ìrìn-àjò ìbá já sí asán fún. Ó fi ọdún kan jókòó láìgbá bọ́ọ̀lù kankan fún ilé-ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́ dé àárín ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ní 1982, 1983 àti 1984. Wọ́n pàdánù àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì: 54 sí 52 lọ́wọ́ North Carolina State ní 1983, àti 84 sí 75 lọ́wọ́ Georgetown ní 1984. Ní 1984 náà ni Houston Rockets yàn án ṣáájú gbogbo ènìyàn, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ NBA fún wọn ní 1994 àti 1995. Lẹ́yìn èyí, etí àwọn kóòṣì ṣí sí ìròyìn láti Áfíríkà.

Ìtàn Michael Olowokandi gba ọ̀nà mìíràn. Èkó ni a bí i sí, Lọ́ńdọ̀nù ni ó dàgbà sí. Kò sí alárinà fún un rárá. Ní 1995 ó ṣí ìwé kan tí ó to orúkọ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ojú rẹ̀ bọ́ sórí Yunifásítì Pacific ní California, ó sì pè wọ́n lórí fóònù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1998, Los Angeles Clippers yàn án ní ipò kìn-ín-ní. Irú orí rere bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ̀rí pé nígbà náà, ọmọ náà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ilé-ẹ̀kọ́.

Ìgbà àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ọdún 2003 jẹ́ ààlà. Ní ọdún náà ni NBA bẹ̀rẹ̀ àgọ́ Basketball Without Borders ní Áfíríkà, ní Johannesburg. Ní ọdún yìí kan náà ni Masai Ujiri, tí ó dàgbà ní Zaria, bẹ̀rẹ̀ Giants of Africa. Lẹ́yìn náà ni NBA dá ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Senegal. Dípò kí kóòṣì máa gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rẹ́ kan tí ó rí ọmọ kan, ó lè rí ọ̀pọ̀ ọmọ lójú kan náà. Ọjọ́-orí tí wọ́n ń mú ọmọ sì ń lọ sílẹ̀. Ṣáájú yunifásítì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ alágbàtọ́ tí òbí kò mọ̀ dáadáa. Níbí ni ewu ti wọlé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà mú àwọn igbákejì kóòṣì mẹ́rin àti àwọn ènìyàn tí ó bá ilé-iṣẹ́ Adidas ṣe pọ̀, lórí owó abẹ́lẹ̀ tí ó wà nínú wíwá agbábọ́ọ̀lù. Silvio De Sousa, ọmọ Angola tí ó wà ní Kansas, wà lára àwọn tí ọ̀ràn náà kàn. Alágbàtọ́ rẹ̀ ni wọ́n ní ó gba owó, ọmọ náà ni NCAA dá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, kí wọ́n tó yí ìdájọ́ náà padà ní oṣù Karùn-ún. Ẹlòmíràn jẹ gbèsè, wọ́n lọ ká a mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Ojú ọjà

Láti 2006 ni òfin NBA ti ní kí ọmọ pé ọdún mọ́kàndínlógún, kí ó sì fi ọdún kan jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n tó yàn án. Yunifásítì wá di ilé àwọ̀sùn ọdún kan fún àwọn tí ó já fáfá jù, bí ó ti rí fún Bam Adébáyọ̀, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ó lo 2016 sí 2017 péré ní Kentucky. Ní 2018 ni NCAA ṣí ètò tí agbábọ́ọ̀lù fi ń kéde pé òun fẹ́ lọ sí yunifásítì mìíràn. Ní oṣù Kẹfà 2021 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá NCAA lẹ́bi nínú ẹjọ́ Alston, pẹ̀lú adájọ́ mẹ́sàn-án tí ohùn wọn ṣọ̀kan. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Ìlànà ẹjọ́ House tí adájọ́ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2025 gba yunifásítì láyè láti san nǹkan bí mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré-ìdárayá rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!

Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò jẹ́ kí àjèjì máa ṣiṣẹ́ owó bó ṣe wù ú. Ìdí nìyí tí Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tí ó gbá bọ́ọ̀lù jùlọ ní Amẹ́ríkà ní sáà 2021 sí 2022, fi ní láti dúró di ìgbà tí Kentucky rìnrìn-àjò lọ sí Bahamas ní 2022 kí ó tó ṣe àwọn ìpolówó rẹ̀. Ní ìparí 2025, Baylor gba James Nnaji, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona, tí wọ́n sì ti yàn ní NBA láti 2023. Àwọn kóòṣì mìíràn pariwo. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀ fún wa: bí yunifásítì bá lè ra àgbà tí ó ti dáńgájíá ní Yúróòpù, kí ni yóò mú un fi sùúrù tọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó? Takisí Ọlájùwọ́n kò sí lójú ọ̀nà mọ́.

Ọ̀ràn àwọn obìnrin yàtọ̀ díẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 1972 tí ó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ obìnrin nínú ẹ̀kọ́ ni ó mú ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ eré-ìdárayá wọn gbòòrò. Lónìí, àwa ni a tilẹ̀ ń lọ wá tiwa padà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ D'Tigress tí ó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, tí kò sí ẹgbẹ́ Áfíríkà tí ó dé bẹ̀ rí nínú eré yìí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó jáde láti yunifásítì Amẹ́ríkà.

Ohun tí ó kù lọ́wọ́ olùkọ́

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi ìdádúró lé fífún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní oríṣi físà kan, tí ti akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Ẹni tí ó bá ń gba owó lọ́wọ́ òbí ní Ọ̀rẹ̀ lórí ìlérí físà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé bí òun yóò ṣe gba ibẹ̀ kọjá. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ̀wé ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, orúkọ ọmọ àti iye ohun tí ó bò sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé náà. Kì í ṣe ohun tí alárinà ń tà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni àlejò dárúkọ, ẹ jẹ́ kí òbí bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì mọ ẹni tí ọmọ yóò máa sùn ní ilé rẹ̀.

Ọjọ́-orí àti ìwé-ẹ̀rí ni àwọn àjọ wọn ń yẹ̀ wò jù. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí àti èsì WAEC ọmọ gbọ́dọ̀ bára mu. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹnìkan bá bẹ̀ pé kí ó fi ọdún méjì dín ọjọ́-orí ọmọ kù nínú ìwé náà kò ran ọmọ lọ́wọ́ bí ó bá gbà, nítorí pé orúkọ ọmọ náà ni yóò wà lórí ìwé ìdádúró nígbà tí wọ́n bá rí i.